Alùpùpù B.S.A. àti Ọ́ìlì Sísì Kan

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì fún 60 ọdún. N kò sọ ọ́ fún bàbá mi títí ó fi kú, n kò sì sọ ọ́ fún ìyá àwọn ọmọ mi títí di ọdún 2024. Alùpùpù kan báyìí, tí ìpẹtà ti jẹ dé egungun, ni ó fà á jáde lẹ́nu mi. Bí ẹ bá ní sùúrù, n ó sọ bí mo ti rà á àti ohun tí mo bá nínú rẹ̀.

Satellite Town ni mo ń gbé láti ọdún 1988, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ní ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Badagry. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀dọ̀ wa yóò mọ Festac Town, aládùúgbò wa, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ṣe ní January àti February 1977. Tiwa kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fi mọ àwa ni àwọn ọkọ̀ agbépo tí ń lọ sí Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, tí wọ́n tò lójú ọ̀nà bí ìjàlọ, tí wọ́n sì ti fọ́ títì wa bí ẹni fọ́ àwo. Omi ọ̀sà kò jìnnà sí wa, nítorí náà irin kì í pẹ́ dípẹtà ládùúgbò wa. Bí o bá gbàgbé ọkọ́ síta ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìwọ yóò rò pé bàbá-ńlá rẹ ni ó fi sílẹ̀ fún ọ.

Ní oṣù July 2023, mo ń ti ọ̀dọ̀ ológì bọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gba àdúgbò kan kọjá lẹ́bàá Old Ojo Road. Àwọn ọmọ olóògbé kan ń palẹ̀ ilé bàbá wọn mọ́ láti fún ayálégbé. Àwọn ọmọ tí ń ra irin àlòkù ti gbé ọmọlanke wọn dé, wọ́n gbé ìwọ̀n kalẹ̀, wọ́n ń wọn fáàrù àti gẹ́ètì àtijọ́. Nígbà náà ni àwọn méjì fa nǹkan kan jáde lábẹ́ pákó. Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo gbé ògì mi sílẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò ra ìpẹtà ara táǹkì rẹ̀, mo ń ra á títí àwọ̀ ewé tí ó ṣì bí kùrukùru òwúrọ̀ fi yọ. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ọ̀dà funfun kù díẹ̀ sí, mo rí àkùkọ kékeré kan tí ó gbé àyà sókè. B.S.A. Bantam ni.

Àwọn ọmọ onírin ti ní 30,000 náírà ni àwọn yóò san. Mo ní n ó san 50,000. Ọmọ olóògbé tí ó wà níbẹ̀ wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wo ògì mi, ó ní 100,000 ni. Ẹni tí ó bá fi ojú hàn ní ọjà ni ọlọ́jà ń fi ojú rẹ̀ san gbèsè. A já a sí 70,000. Ọ̀gá àwọn onírin bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ní mo fẹ́ gùn ún. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi jókòó sórí ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀: má ṣe gbé ohun ìrìnnà olóògbé kúrò nílé láìgba ìwé. Èmi ní kí àwọn ọmọ méjì fọwọ́ sí rìsíìtì, kí aládùúgbò kan ṣe ẹlẹ́rìí, mo sì da nọ́ńbà tí ó wà lára irin ọrùn rẹ̀ kọ, èyí tí ó fi YD bẹ̀rẹ̀, sínú ìwé náà. Nígbà tí ọlọ́pàá kan dá mi dúró ní ọ̀nà Alákijà pẹ̀lú ọmọlanke tí mo fi gbé e, rìsíìtì náà ni ó sọ̀rọ̀ fún mi.

Kò sí ìwé tí ó lè sọ̀rọ̀ fún mi lọ́dọ̀ ìyàwó mi. Owó tí mo ná yẹn, òun ni a fẹ́ fi gbé ẹnu ọ̀nà ilé wa sókè kí àgbàrá má baà wọlé bí ti ọdún tí ó ṣáájú. Kò pariwo. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ọ̀kadà lẹ fẹ́ máa ṣe ni? Nínú ọdún tí owó epo fò sókè báyìí?" Òótọ́ ni ó sọ. Kò tíì pé oṣù méjì tí owó bẹntiróòlù kúrò ní ibi tí kò tó 200 náírà, tí ó fi lé ní 480 ní Èkó. Mo dáhùn pé àwọn òyìnbó ń fi owó ńlá ra irú rẹ̀. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí mo fi rà á.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ó ń jẹ́ B.S.A. fún àwọn ọmọ ìwòyí. Ní ọdún 1861 ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ní ìlú Birmingham kó ara wọn jọ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìbọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìbọn mẹ́ta tí ó forí ti ara wọn sì ni àmì wọn. Láti orí ìbọn ni wọ́n ti bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, láti orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti bọ́ sórí alùpùpù. Ní 1948 ni wọ́n mú kékeré kan jáde tí wọ́n sọ ní Bantam, orúkọ irú àkùkọ kúkúrú kan tí ara rẹ̀ kò tó nǹkan ṣùgbọ́n tí ariwo rẹ̀ kọjá ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni wọ́n ro iṣẹ́ náà o. Ilé iṣẹ́ DKW ti Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ní 1939. Nígbà tí Jámánì fìdí rẹmi nínú ogun Hitler ní 1945, wọ́n gba àwòrán ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọn bí ẹni gba owó ìtanràn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yí i padà bí ojú ẹni ti ń yí nínú dígí, kí jíà lè bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún bí wọ́n ti fẹ́ ẹ. Rọ́ṣíà ṣe tiwọn, Harley-Davidson ti Amẹ́ríkà ṣe tiwọn, Yamaha ti Japan náà sì fi iṣẹ́ yìí kan náà ṣe alùpùpù wọn àkọ́kọ́ ní 1955. Àbúrò ni gbogbo wọn jẹ́ fún ara wọn, bí wọn kò tilẹ̀ jọ ń gbọ́ èdè kan.

Ní ilẹ̀ wa, àwọn olùkọ́, àwọn akéwejẹ̀ ìjọ, àwọn tí ń ra kòkó àti àwọn wólé-wólé ni wọ́n ń gun irú alùpùpù wọ̀nyí kiri. Bí ẹ bá fetí sí ọ̀rọ̀ náà "alùpùpù" dáadáa, ìró ẹ́ńjìnì wọn ni ẹ ń gbọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí Honda kékeré dé, tí kò ní kí ẹnikẹ́ni pò ọ́ìlì mọ́ epo, ọ̀ràn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Bantam parí ní 1971, kò sì pẹ́ tí ilé iṣẹ́ B.S.A. fi wọlẹ̀.

Pípò ọ́ìlì yìí ni orísun ọ̀rọ̀ mi. Ẹ́ńjìnì Bantam kò ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún písítíìnì. Inú bẹntiróòlù gan-an ni à ń pò ọ́ìlì mọ́. Ìpín kan ọ́ìlì sí ogún epo ni èmi ń lò. Epo ni ó ń gbé ọ́ìlì wọlé lọ fi ra písítíìnì lára. Bí o bá da epo lásán sí i, yóò tanná, yóò sáré, ìwọ yóò tilẹ̀ rò pé ara rẹ̀ yá jù ti àná lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbóná, písítíìnì yóò wú, yóò di mọ́ inú ilé rẹ̀, táyà ẹ̀yìn yóò sì dúró gbagidi bí ẹran tí okùn ọrùn rẹ̀ tán. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé ènìyàn lè gbàgbé, nítorí náà wọ́n so ife kékeré kan mọ́ abẹ́ ìdérí táǹkì, kí ẹni tí ó bá ṣí i láti da epo sí i lè rí ife ọ́ìlì kí ó tó ṣe ohunkóhun.

Èyí tí mo rà kò ní ìdérí mọ́. Písítíìnì rẹ̀ sì ti di. Mo rò pé ìpẹtà ni. Mo tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo da dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ ọ́ìlì sí ojú ihò náà, mo ń dà á lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mẹkáníìkì ọ̀kadà kan ní Alákijà, ọmọ tí kò tó ọdún 30, ń wá bá mi wò ó ní ìrọ̀lẹ́. Kò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ó pariwo pé, "Bàbá, Yamaha lèyí!" Mo ní kì í ṣe Yamaha, ọmọ ìyá bàbá Yamaha ni. Ní ọ̀sẹ̀ keje, a gbé igi lé e lórí, a fi òlùgbóńgbó kàn án pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yẹ̀, ó sì jáde.

Mo gbé písítíìnì náà sínú oòrùn. Kì í ṣe ìpẹtà ni ó dè é. Ìlà wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tínínrín-tínínrín, bí ìgbà tí ológbò bá fi èékánná fa ara ògiri. Mo ti rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Mo jókòó sílẹ̀ lórí àpótí. Mẹkáníìkì bi mí bóyá ara mi kò yá.

Ìlẹ̀-Olújì ni, ní ọdún 1964. Wólé-wólé ni bàbá mi, ó sì ní Bantam kan tí Kánsù yá a lówó rà, tí wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Òun ni ó fi ń lọ láti abúlé dé abúlé láti wo tanwíjí nínú ìkòkò omi ará oko. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ wà ní Òkè-Igbó. Ọmọ ọdún 15 ni, èmi jẹ́ ọmọ ọdún 9. Bọ̀dá ni mo ń pè é. Bàbá mi ni ó ń san owó rẹ̀ ní Modern School. Bọ̀dá ni ó ń fọ alùpùpù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, òun ni ó sì ń pò ọ́ìlì rẹ̀. Nígbà míràn bàbá mi a jẹ́ kí a máa tì í yípo àgbàlá, èmi a gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ọba. Bí ó bá kan Bọ̀dá láti gùn ún, a nawọ́ sí lẹ́tà mẹ́ta tí ó wà lára táǹkì, a ní ohun tí òyìnbó kọ síbẹ̀ nìyẹn: "Bọ́ Sílẹ̀, Àbúrò."

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọwọ́ Bọ̀dá wà nínú ọṣẹ, ó fún mi ní sísì kan kí n lọ ra ọ́ìlì wá. Bàbá mi ti da bẹntiróòlù gálọ́ọ̀nù kan sínú táǹkì tí ó ti gbẹ. Mo lọ. Mo bá ẹgbẹ́ mi méjì pàdé lẹ́nu ọjà. A ra dùndú, a ra gúgúrú àti ẹ̀pà, a jẹ ẹ́ tán lábẹ́ igi. Nígbà tí mo padà délé, Bọ̀dá ti lọ pọnmi. Nígbà tí ó dé, mo ní mo ti da ọ́ìlì sí i. Ó ní, "Ṣé o wọ̀n ọ́n?" Mo ní mo wọ̀n ọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá mi gba ọ̀nà Oǹdó lọ. Ibi tí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan ni táyà ẹ̀yìn ti dúró. Apá rẹ̀ ọ̀tún kán. Oṣù méjì ni ó fi wà lọ́dọ̀ oníṣègùn tí ń to egungun. Mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnì náà lójú gbogbo ilé, ó gbé písítíìnì sókè, ó fi ìlà ara rẹ̀ hàn wá, ó ní ọ́ìlì kò kàn án rárá. Gbogbo ojú yí sí Bọ̀dá. Bọ̀dá ní, "Mo fún àbúrò mi lówó." Ó wò mí. Bàbá mi náà wò mí, apá rẹ̀ wà nínú igi. Mo ní, "N kò gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀."

Wọ́n dá Bọ̀dá padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òkè-Igbó ní ọ̀sẹ̀ náà. Olè ni wọ́n pè é. Kò rí Modern School mọ́. Nígbà tí bàbá mi kú ní 1991, Bọ̀dá wá síbi ìsìnkú, ó mú àgbò wá. Mo gba okùn àgbò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́, ẹnu mi kò là ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ tí mo ti rí písítíìnì yẹn, mo pa iṣẹ́ tì. Alùpùpù wà ní ìdajì, ara rẹ̀ wà nínú garawa mẹ́ta. Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó mi, ní January 2024, ní òru ọjọ́ kan tí kò sí iná. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Iye tí ó kù nínú owó ẹnu ọ̀nà, ẹ mú un. Ẹ lọ bá a. Àgbàrá ti ń wọlé tẹ́lẹ̀."

Mo wọkọ̀ ní Mile 2. Mo bá Bọ̀dá ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Òkè-Igbó, ó ń fi ọwọ́ da kòkó rú lórí ẹní. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ọjọ́ orí mi kì í ṣe ti ìdọ̀bálẹ̀ mọ́, pé bí mo bá pẹ́ nílẹ̀ òun kò ní agbára tí òun yóò fi gbé mi. Mo kò dìde títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ tán. Kò dáwọ́ dúró lórí kòkó.

Ó ní, "Mo mọ̀. Nígbà tí o ní o ti wọ̀n ọ́n, èèpo ẹ̀pà wà létí ẹnu rẹ, ọwọ́ rẹ kò sì rùn ọ́ìlì."

Mo ní, "Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

Ó ní, "Mo sọ. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí mo sọ."

Mo fa owó yọ nínú àpòòwé, 200,000 náírà. Mo ti rò pé yóò kọ̀ ọ́, mo ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Kò kọ̀ ọ́. Ó gbà á, ó kà á tán, ó ní, "Owó Modern School ọdún kan kò tó èyí nígbà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún kan." Ó fi í sápò. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí léèrè nípa alùpùpù: ṣé ti 125 náà ni, ṣé ife ṣì wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀? Mo ní ìdérí ti sọnù. Ó fi ìka méjì wọn bí ife náà ti ga tó hàn mí, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo padà sí Èkó lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà náà ni mo tó tún un gbé nílẹ̀. Ọmọ mi obìnrin wà ní Birmingham, òun ni ó bá mi ra písítíìnì àti ríǹgì. Ó lọ wo Small Heath níbi tí wọ́n ti ń to Bantam pọ̀ láyé àtijọ́, ó ní òun kò bá ilé iṣẹ́ kankan. Ìdérí táǹkì pẹ̀lú ife rẹ̀ ni ó pẹ́ jù kí ó tó rí. Táyà fún wa ní wàhálà: ti ọ̀kadà tí ó kún ọjà kò ju íǹṣì 18 lọ, ti Bantam sì jẹ́ 19, ìyẹn náà gba orí omi wá. Àwọn bẹ́árìnnì ni ó rọrùn jù, nítorí nọ́ńbà wà lára wọn; mo kó ti àtijọ́ lọ sí ọjà Trade Fair, ọlọ́jà ka nọ́ńbà, ó nawọ́ sí pẹpẹ, ó gbé tuntun lé mi lọ́wọ́. Ìpara fàdákà tí ó ń dán lára irin rẹ̀ kọjá agbára mi. Ọ̀dà ni mo fi kùn ún. Bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú.

Bọ̀dá dé láìròtẹ́lẹ̀ ní January 2025, nínú ọyẹ́, pẹ̀lú àpò gààrí kan. Ẹni ọdún 76 ni. Mẹkáníìkì mi ti gbìyànjú láti gùn ún ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ jíà bí ó ti ń ṣe lórí ọ̀kadà, bíréèkì ni ó tẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ó fò lé iwájú. Mo gùn ún, mo ń fi hàn án bí ó ti yẹ, ẹ́ńjìnì kò tíì ṣiṣẹ́. Bọ̀dá gbé àpò gààrí kalẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n gbé epo àti ọ́ìlì wá. Ó ṣí táǹkì, ó fi ife wọn ọ́ìlì, ó tún un wọ̀n, ó pò ó, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi rùn ún. Lẹ́yìn náà ó wò mí lórí ìjókòó.

Ó ní, "Bọ́ sílẹ̀, àbúrò."

Mo bọ́ sílẹ̀. Ó ká sòkòtò rẹ̀ sókè. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dáhùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ó ní pù, ó ní pù-pù, èéfín búlúù bo ojú gbogbo wa. Ó gùn ún dé òpin àdúgbò wa níbi tí ọkọ̀ agbépo ti dí ọ̀nà, ó yípo, ó sì padà wá. Ìyàwó mi gbé omi fún un.

Iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ títí di òní, a kò sì tíì gbé ẹnu ọ̀nà sókè. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí ó bá ti ń di aago mẹ́jọ àárọ̀, fóònù mi á dún láti Òkè-Igbó. Bọ̀dá kì í bèèrè àlàáfíà ilé kọ́kọ́. "Ṣé o ti pò ó?" Mo ní mo ti pò ó. Ó ní, "Ṣé o wọ̀n ọ́n?"